Bí a ṣe ń yan òrùka sí ọ̀pá ìpẹja fláì tá a fẹ́ fọwọ́ ara wa ṣe

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òrùka bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ọ̀pá tó dáa jẹ́. Èèyàn á ná owó gidi lórí bíláńkì, ìyẹn ọ̀pá káábọ́nù lásán tí wọn ò tíì so nǹkan kan mọ́, á ra ìdìmú kọ́ọ̀kì tó rẹwà, tó bá wá kan òrùka tí okùn máa gbà kọjá, á ní kí wọ́n ṣáà fún òun lèyí tó bá wà nílẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pá kejì tí mo ṣe, òrùka kéékèèké ni mo tò sí apá orí rẹ̀ torí mo fẹ́ kó fúyẹ́, mo wá gbé e lọ sétí òkun l'Àgbàdárìgì, lápá Gberefu, kútà kan gbé ìwọ̀ ó bẹ́ sáré, okùn fláì tán pátá lára ríìlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn sí, kókó tí mo fi so ó mọ́ okùn ẹ̀yìn, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó wà lábẹ́ rẹ̀, wá dé orí ọ̀pá ó sì há sínú òrùka. Okùn já. Ó dùn mí wọra, torí ẹja yẹn gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fara balẹ̀ yan òrùka.

Fún ẹni tí ò bá mọ ìpẹja fláì: ìwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ gan-an, ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ọn lára kó lè jọ kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́, kò sí òjé lára rẹ̀ bíi ti ìwọ̀ táwọn apẹja wa ń jù l'Ẹ̀pẹ́. Okùn fúnra rẹ̀ ló wúwo, òun lèèyàn ń fì tó fi ń gbé ìwọ̀ lọ síwájú. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ bí okùn ṣe wúwo tó, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀pá tó bá a mu. Okùn nọ́ńbà 5, ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 9, ti nọ́ńbà 8 sún mọ́ gíráàmù 13 ààbọ̀. Irú okùn tó nípọn bẹ́ẹ̀ ló ń gba inú òrùka lọ, tó ń gba ibẹ̀ bọ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Tí òrùka ò bá dáa, gbogbo owó tẹ́ ẹ ná sórí bíláńkì, ẹ ò ní rí adùn rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ mọ omi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ àti nọ́ńbà okùn tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Ẹ má tíì wo òrùka rárá. Tó bá jẹ́ ẹpìyà lẹ fẹ́ máa pa lápá ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tàbí kẹ́ ẹ lọ sókè sí ọ̀sà Lẹ́kí, omi ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, òrùka irin tí wọ́n fi kúróòmù bò tó yín dáadáa. Etí òkun l'Àgbàdárìgì yàtọ̀ pátápátá. Iyọ̀ á wọ abẹ́ kúróòmù níbi tó bá ti ha, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò bí awọ ara tó ń yún èèyàn, kò ní pẹ́ tó fi máa dógùn-ún, ibi tó dógùn-ún yẹn á sì máa họ okùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba èèyàn níyànjú pé kó fi owó kún un ra titanium, torí òun kì í dógùn-ún nínú omi iyọ̀. Ti Ìkòròdú ló ń tan èèyàn jẹ, torí tí òjò bá ń rọ̀ omi odò á lé iyọ̀ jáde nínú ọ̀sà, ẹ máa tọ́ ọ wò tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, omi òkun á tún padà wọlé. Bí omi òkun ni kẹ́ ẹ ṣe kà á, kẹ́ ẹ sì fi omi ẹ̀rọ ṣan ọ̀pá tẹ́ ẹ bá délé.

Oríṣi òrùka mẹ́ta ló máa ń wà lára ọ̀pá kan. Èyí tó sún mọ́ ọwọ́ jù, stripping guide ni wọ́n ń pè é, òun ló tóbi jù, ó sì sábà máa ń ní séràmíìkì, ìyẹn amọ̀ líle tó ń dán bíi ti àwo, nínú torí ibẹ̀ ni okùn ti ń fà jù nígbà téèyàn bá ń fọwọ́ fà á wọlé. Àwọn tó wà láàárín, snake guide, wáyà lásán ni, ó lọ́ bí ejò, ó lẹ́sẹ̀ méjì. Èyí tó wà lórí pátápátá ni tip-top. Àwọn kan máa ń fi òrùka ẹlẹ́sẹ̀ kan dípò oníwáyà, òwú tí wọ́n fi ń dì í mọ́ ọ̀pá kéré, epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tó ń le tí wọ́n ń fi bo òwú náà, kéré, nítorí náà ọ̀pá á fúyẹ́ sí i, kò sì burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ọ̀pá sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ọ̀pá ń kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ẹlòmíì ń fẹsẹ̀ kọ ọ́, ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn tètè máa ń tẹ̀. Èmi, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo ń lò.

Ó kù ká wo bó ṣe tóbi tó, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Stripping guide, mílímítà ni wọ́n fi ń ka tiẹ̀. Ọ̀pá nọ́ńbà 5, mo máa ń fi 10 tàbí 12, ẹyọ kan. Nọ́ńbà 8, mo máa ń fi méjì, 16 tẹ̀lé e ni 12. Snake guide ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni òrùka ń tóbi, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ńlá nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ máa dín in kù lọ sókè. Ọ̀pá kékeré, mo lè bẹ̀rẹ̀ ní 3 kí n parí rẹ̀ sí 1, ọ̀pá òkun mi kì í kéré ju 3 lọ níbi orí. Àwọn kan á sọ pé òrùka ńlá á mú orí ọ̀pá wúwo, òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀pá tórí rẹ̀ bá wúwo máa ń mì lẹ́yìn téèyàn bá dá ọwọ́ dúró, okùn ò sì ní lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ìwúwo díẹ̀ yẹn, mo lè gbà á mọ́ra. Kókó tó há, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́ra nígbà tí kútà bá ń sáré. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú okùn yín dání lọ pẹ̀lú kókó tẹ́ ẹ ti so sí i, ẹ fà á gba inú òrùka tó kéré jù kọjá ní ìgbà bíi mẹ́wàá. Tó bá kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ mú èyí tó tóbi jù ú lọ.

Tip-top, orí ọ̀pá ni kẹ́ ẹ wọ̀n, torí ihò ìdí rẹ̀ tó ń wọ orí ọ̀pá ni wọ́n ń kà, ìdá kan nínú 64 ínǹṣì ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé nọ́ńbà 5 jẹ́ ínǹṣì 5/64. Kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kẹ́ ẹ má fipá tì í, kó má sì mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi iná yọ́ ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi epoxy, torí ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ẹ máa fẹ́ yọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rà wọ́n délé, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òwú tí wọ́n fi ń nu etí nu inú séràmíìkì yíká, tí òwú bá kọ́, ó ti sán nìyẹn, ẹ dá a padà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà, torí orí ẹsẹ̀ òrùka tó pọ̀ jù ló máa ń nípọn, òwú ò sì ní lè gun orí rẹ̀, á fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi fáìlì kékeré yún un títí tí ẹnu rẹ̀ á fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò mú, torí irin tó mú máa ń gé káábọ́nù díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá á sì kán níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ ò retí.

Mélòó ló yẹ kó wà? Ẹ ka gígùn ọ̀pá ní ẹsẹ̀ bàtà, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan kún un, láìka tip-top. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 á gba nǹkan bíi 10. Ẹyọ àkọ́kọ́ láti orí, ẹ fi ínǹṣì 4 sí 5 sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí àlàfo máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí dé stripping guide. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, èèyàn máa ń fi sí ínǹṣì 28 sí 31 láti ìdí ọ̀pá, ṣùgbọ́n apá yín ló máa sọ ibi tó yẹ gan-an: ẹ di ọ̀pá mú, kẹ́ ẹ na ọwọ́ kejì bíi pé ẹ fẹ́ fa okùn, tí ọwọ́ ò bá dé ìdí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti jìnnà jù.

Nọ́ńbà yìí ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni o. Ẹ fi téèpù so gbogbo òrùka mọ́ ọ̀pá, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ so ẹnu okùn mọ́ nǹkan tó wúwo nílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ọ̀pá sókè kó tẹ̀ bíi pé ẹja ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Okùn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ bí ọ̀pá ṣe ń tẹ̀, níbi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé okùn gé kọrọ̀ lójú òrùka kan, tàbí tó gba ọ̀nà tààrà jìnnà sí ara ọ̀pá, òrùka ibẹ̀ jìnnà síra wọn, ẹ sún wọn súnmọ́ra tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀kan kún un. Mo lè lo wákàtí kan gbáko lórí èyí nìkan, mi ò sì kábàámọ̀ ọ rí.

Kí téèpù ṣì wà lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ládùúgbò, ẹ má so ìwọ̀, ẹ rọra fì í ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30. Tí etí yín bá gbọ́ pé okùn ń ha, tàbí tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n pé ó ń fà, ẹ wá òrùka tó fà á, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dì í, òwú A, èyí tó tín-ín-rín, fún ọ̀pá kékeré, òwú D, èyí tó nípọn, fún ti òkun. Epoxy wá di ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, torí ọ̀rinrin máa ń mú un ṣú bí ìkùukùu, ti tèmi, oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo máa ń dúró dè.