Ohun Tí Kò Yẹ Ká Máa Fi Díwọ̀n Ìtàn Star Trek àti Star Wars

Nínú Star Trek àkọ́kọ́, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, èyí tí wọ́n ṣe láti 1966 sí 1969, iwájú orí àwọn Klingon, ẹ̀yà jagunjagun láti ayé mìíràn, ń dán bíi tèmi tiyín. Irùngbọ̀n àti ọ̀dà tí wọ́n kùn sí wọn lójú ni wọ́n fi sọ wọ́n di àjèjì. Ìgbà tí fíìmù àkọ́kọ́ fi máa dé ní 1979, owó ti pọ̀ sí i, eegun ti hù gbágungbàgun síwájú orí wọn, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé. Àwa olólùfẹ́ ò jẹ́ kó lọ. Ọdún gbọọrọ la fi ja ìjà orí yìí.

Ní 1996, Deep Space Nine, Star Trek mìíràn, dá àwọn èèyàn rẹ̀ padà sínú apá kan nínú eré àkọ́kọ́ tó ti jáde ní 1967. Worf, Klingon eléegun, jókòó láàárín àwọn Klingon olórí dídán. Àwọn tó bá a wá wo àwọn yẹn, wọ́n wo orí tiẹ̀, wọ́n bi í léèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gùn, àwọn kì í sì í bá ará ìta sọ ọ́. Ó tán. Gbólóhùn kúkúrú yẹn mú mi rẹ́rìn-ín, ó sì fi irú ẹni tí Worf jẹ́ hàn: agbéraga tí ojú ń tì nítorí ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ní 2005, Enterprise, Star Trek mìíràn, wá fi odindi apá méjì ṣàlàyé pé àrùn kan ló fà á. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání. Mi ò tíì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i.

Àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu wa nìyẹn: a máa ń bi ìtàn pé ṣé ó bá ti àná mu, ká tó bi í pé ṣé ó dùn. Mi ò ní kí òǹkọ̀wé máa ṣe é bó ṣe wù ú o. Bí ẹni tó kú lónìí bá ń jí lọ́la láìsan nǹkan kan, ikú ò ní dẹ́rù bà wá mọ́ nínú eré náà. Ìyẹn ba ìtàn jẹ́. Ṣùgbọ́n eegun iwájú orí?

Ẹ má sì bá òǹkọ̀wé kọ ìtàn tán nínú orí yín, kẹ́ ẹ wá bínú pé tiyín kọ́ ló gbé jáde. Ní oṣù Kejìlá 2015, The Force Awakens, fíìmù Star Wars, fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé ta ló bí Rey, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé. Ọdún méjì la fi ń wá bàbá fún un: ẹnì kan ní ọmọ Luke ni, ẹnì kan ní ọmọ-ọmọ Obi-Wan ni, àwọn akọni inú Star Wars àtijọ́. The Last Jedi dé ní 2017, Kylo Ren, ọ̀tá rẹ̀, sọ fún un pé àwọn òbí ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, wọ́n tà á gba owó ọtí. Ariwo ta. Lójú tèmi, kò sí ìdáhùn tó lè dun ọmọbìnrin yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kó yé àwa tí wọ́n ń ki oríkì ilé baba wa fún láàárọ̀: ọmọ tó ń retí kí wọ́n ki òun, tí wọ́n wá sọ fún un pé kò sí oríkì kankan nílé, kó lọ ṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ní 2019, The Rise of Skywalker, fíìmù ìkẹta, ní ọmọ-ọmọ Palpatine, olú ọba búburú inú ìtàn náà, ni. Ó rí ìdílé, ìtàn ẹ̀ sì kéré sí i.

Ẹ má bú òṣèré nítorí ohun tí wọ́n kọ fún un. John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe Finn nínú fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí: ọmọ ogun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹbí ẹ̀ láti kékeré, tí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń kú fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ pa àṣíborí ẹ̀, tó sì kọ̀ láti yìnbọn fún ará abúlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fíìmù mẹ́ta fúnra ẹ̀. Kó tó di ìkẹta, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tó kù fún un ju eré sísá àti igbe “Rey!” lọ. Boyega fúnra ẹ̀ sọ ọ́ síta ní 2020 pé wọ́n polówó òṣèré aláwọ̀ dúdú bíi pé ó ṣe pàtàkì, wọ́n wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ti Kelly Marie Tran, òṣèré tó ṣe Rose nínú The Last Jedi, èébú ló lé e kúrò lórí Instagram ní 2018, bíi pé òun ló kọ̀wé eré.

Àwọn tó ní kò sí eré gidi mọ́ látìgbà tí àwọn ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, wọ́n ní kí n fara da The Next Generation, Star Trek mìíràn, títí dé sáà kẹta, pé ibẹ̀ ló ti máa dùn. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ sáà méjì àkọ́kọ́ ò ranlẹ̀. Ṣùgbọ́n apá 48 ni sáà méjèèjì! Ta ló jẹ wọ́n ní gbèsè bẹ́ẹ̀? Ẹ má fi ìyẹn lé ẹni tuntun sá, ẹ má sì da sáà méjèèjì nù láìwò ó. Inú ìkejì gan-an ni èyí tí mo máa ń fi han ẹni tí kò wò ó rí ti wá: The Measure of a Man, 1989.

Ẹjọ́ ni. Wọ́n ń jiyàn bóyá Data, ẹ̀rọ tó dà bí èèyàn, jẹ́ ẹrù iléeṣẹ́ ọmọ ogun tàbí ẹni tó ni ara rẹ̀. Wọ́n fi dandan mú Riker, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kó rojọ́ takò ó. Bó bá kọ̀, Data ti pàdánù nìyẹn. Riker yọ ọwọ́ Data kúrò lápá rẹ̀, ó fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó pa á bí ẹni pa iná. Data dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Kò sí ọkọ̀ tó bú gbàù, kò sí ìbọn kan.

Data ló borí. Wọ́n ń ṣàríyá, Riker ò lọ, ó jókòó lóun nìkan. Data ló wá a wá. Ó ní ká ní Riker ò gbà láti rojọ́ ni, ìdájọ́ ì bá ti já lé òun lórí. Ohun tí Riker ṣe yẹn ṣe Riker fúnra rẹ̀ léṣe, ó sì gba òun là, òun ò sì ní gbàgbé.