Àdín Àgbọn Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Ọṣẹ Ìwẹ̀ Ọmọ Mi Jẹ́

Owó ni ó lé mi dé ìdí ṣíṣe ọṣẹ ìwẹ̀ fún ọmọ. Ìgò kékeré ọṣẹ olómi kan tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòyí, tí wọ́n ya àwòrán ewé sí lára, gba owó tí ì bá ra ìrẹsì kóńgò méjì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ka èròjà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, òórùn dídùn àti aró ni ó ṣáájú. Orúkọ ewé náà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ooru tí ó sú sí ọmọ lọ́rùn kò sì rọlẹ̀. Inú bí mi, mo sì pinnu pé èmi fúnra mi ni n óò po ọṣẹ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò le. Ní ọjà Ojúwòyè ní Muṣin ni mo ti ra ọṣẹ dúdú rírọ̀, osùn, òrí àti ewé ejìnrìn. Mo sá ewé náà sí ibòji títí ó fi gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo sì jọ̀ ọ́ kúná, nítorí pé oje ewé tútù kì í pẹ́ bu nínú ọṣẹ. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, àmọ́ ti ọmọdé ni," torí pé bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò bá ṣàn kúrò lára tán, tí oòrùn sì pa á, a máa bó ni lára bí ìgbà tí omi gbígbóná dà síni. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí àwa ìyá òde òní.

Àdín àgbọn ni ó fi ojú mi rí màbo. Eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a fi ń se ọṣẹ dúdú a máa mú kí awọ ara ọmọ gbẹ, ìdí nìyẹn tí àdín àti òrí fi gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo ra lítà kan ní ọjà kan ní apá Yábàá. Òórùn rẹ̀ le débi pé ó mú mi fura. Àdín àgbọn tí a sè nílé a máa dì bí ooru bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí 24°C lọ, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní Èkó àfi nínú fíríìjì. Fíríìjì wà nílé wa ní Sùúrùlérè. Iná ni kò sí. Mo ń wo ìgò náà lórí tábìlì, ọṣẹ àti ewé ń dúró dè mí, iná kò dé. Nígbà tí ó wá dé, tí ó sì fara balẹ̀ di ilẹ̀ mọ́, epo inú ìgò kò dì, kò tilẹ̀ ki. Òróró lásán tí wọ́n ta òórùn àgbọn sí ni! Mo gbé e padà. Olùtajà wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, tiwa kì í dì ni." Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ìbínú yẹn ni mo fi ra àgbọn Àgbádárìgì, mo fọ́ ọ, mo rin ín títí ìka mi fi bó, mo fún wàrà rẹ̀ sínú abọ́ di ọjọ́ kejì kí ọ̀rá rẹ̀ lè léfòó, mo sì ń ro ọ̀rá náà lórí iná gáàsì tí kò le. Ohun tí ó jáde kò kún ìgò kékeré, gáàsì sì lọ bí omi. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdín! Ó mọ́ rekete, nígbà tí mo sì gbé e sínú fíríìjì, ó dì, ó funfun báláú.

Mo gún gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú odó. Mo kọ́kọ́ fi díẹ̀ ra ọmọ ní apá, mo sì dúró di ọjọ́ kejì kí n tó fi wẹ̀ ẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti jọ̀lọ̀ báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò náà ti bẹ̀rẹ̀, ooru ti dín kù, n kò sì lè gbé gbogbo ògo fún ọṣẹ.

Bí mo bá tún fẹ́ ra àdín, n óò kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ìgò, n óò fi há inú yìnyín àwọn tí ń ta ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu ọjà, kí n tó sanwó. Aṣọ ìnura funfun kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ osùn. Ìyá Ìbejì aládùúgbò mi ti ní kí n bá òun po tirẹ̀; mo ní kí ó ra àgbọn wá, kí ó sì wá rin ín fúnra rẹ̀.