Bí a ṣe ń hun orin jáàsì tó kún fún ìfẹ́, tó sì ń gbé ọkàn sókè

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ hun orin ìfẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá kọ́ọ̀dù tó dùn, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n á jókòó sídìí píánò, wọ́n á tẹ èyí, wọ́n á tẹ ìyẹn, títí etí wọn yóò fi gba ọ̀kan. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Orin ìfẹ́ tó wọni lára, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń sọ ọ́ fún, kódà bó jẹ́ fèrè nìkan ló ń dún tí kò sí ẹni tó ń fẹnu kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí, kò sí kọ́ọ̀dù tó lè dí àlàfo rẹ̀.

Mo fẹ́ tò ó sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é, láti orí ọ̀rọ̀ ẹnu títí dé orí bébà tí àwọn olórin yóò máa wò. Ẹni tó bá mọ píánò tàbí gìtá díẹ̀ lè máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé mi. Kíì C, ìyẹn ìdílé ohùn tó fi C ṣe ilé, ni a ó máa padà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

1. Ẹ mọ ẹni tí orin náà wà fún

Ìfẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe ti ọkọ àti aya nìkan. Lóòótọ́, orúkọ ìyàwó John Coltrane, tó ń fọn saxophone, ni Naima, orin tó gbà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Thelonious Monk, onípíánò, náà hun Crepuscule with Nellie fún ìyàwó rẹ̀ ní 1957, nígbà tí ara obìnrin náà kò yá. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n onípíánò Bill Evans, ọmọdébìnrin kékeré, ni Waltz for Debby wà fún. Ẹ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra wọn. Ti Coltrane dúró jẹ́ẹ́. Ti Monk ń rìn, ó ń dúró, ó tún ń rìn. Ti Evans ń jó. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ló mú wọn yàtọ̀ síra.

Torí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni náà sórí bébà, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan tí ẹ fẹ́ sọ fún un sábẹ́ orúkọ náà. Kí gbólóhùn náà kúrú. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" kò burú, àmọ́ gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, kò sì sọ irú ìfẹ́ tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká lo èyí: "Má bẹ̀rù, mo wà níbí." Ọkọ lè sọ ọ́ fún aya, ìyá lè sọ ọ́ fún ọmọ, ọ̀rẹ́ lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ tó wà ní ilé ìwòsàn. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ìgboyà sì wà nínú rẹ̀, ohun méjì tí a sì ń wá náà nìyẹn.

2. Ẹ fẹnu sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan píánò

Ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù nìyí, mo sì rò pé àwa tó ń sọ Yorùbá rí oore gbà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ti ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú kí olórin tó débẹ̀ rárá. Onídùndún mọ èyí, òun náà ló fi ń sọ̀rọ̀ láìlanu. Ohun tí onídùndún ń ṣe yẹn ni kí ẹ ṣe.

Ẹ sọ gbólóhùn náà sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ gan-an bí ẹni náà bá jókòó síwájú yín. "Má" wà lókè. "Bẹ̀rù" já sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Mo" gbéra díẹ̀, "wà" tún já sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà "níbí" fò sókè, ó sì dúró síbẹ̀. Gbólóhùn tó parí sí òkè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án: orin tó ń gbé ọkàn sókè ti wà nínú bí a ṣe ń pè é.

Ní báyìí, ẹ sọ ọ́ di ohùn orin. A lè fi A ṣe "má", ká fi D lẹ́ẹ̀mejì ṣe "bẹ̀rù", E ṣe "mo", C ṣe "wà", ká wá fi G lẹ́ẹ̀mejì ṣe "níbí", kí a fa G tó gbẹ̀yìn gùn dáadáa. A, D, D, E, C, G, G. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí píánò. Bó bá dùn létí nígbà tó wà ní ìhòòhò, yóò dùn nígbà tó bá wọṣọ.

Gbólóhùn kejì yóò tẹ̀ lé ojú ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n yóò gòkè ní ìgbésẹ̀ kan: B, E, E, F, D, A, A. Ẹni tó ń gbọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a tún ń sọ, pẹ̀lú ìdánilójú tó pọ̀ sí i. Mo máa ń rọ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má sá fún àtúnsọ. Ẹ̀rù ìtijú ló ń mú wọn wá ohùn tuntun ní gbogbo báà (ìlù mẹ́rin mẹ́rin tí a pín orin sí), orin wọn kì í sì dúró lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan yóò kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ní Yorùbá, ẹ rọ̀ mọ́ ìró ọ̀rọ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí orin má baà yí ìtumọ̀ padà. Bó bá jẹ́ saxophone tàbí trumpet nìkan ni, ẹ lómìnira láti yà díẹ̀.

3. Kọ́ọ̀dù: ẹ jẹ́ kí ohùn kan dúró nígbà tí ilẹ̀ ń yí

Ẹ padà sí G tí a fà gùn. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má gbé e. Kí ọwọ́ òsì tẹ kọ́ọ̀dù C (C, E àti G). Ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ Am7 (A, C, E àti G), lẹ́yìn náà E♭maj7 (E♭, G, B♭ àti D). G kan náà ni, kò kúrò níbi kankan, síbẹ̀ ìgbà mẹ́ta ló yí àwọ̀ padà. Lórí C, ó fara balẹ̀. Lórí Am7, àárò kékeré kan wọ inú rẹ̀. Lórí E♭maj7, ìmọ́lẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí tàn sí i. Ẹni tó ń sọ pé òun wà níbí kò gbọdọ̀ máa sá káàkiri, ohùn tó dúró yìí sì ń ṣe ohun tí ẹnu wí.

Coltrane ṣe òdì kejì rẹ̀ nínú Naima. Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ló dúró sójú kan níbẹ̀, tí kọ́ọ̀dù sì ń yí lórí rẹ̀. Ẹ dán ọ̀nà méjèèjì wò.

Láti E♭maj7, báàsì yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀ (bọ́tìnnì píánò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an) sí Dm7, níbi tí gbólóhùn kejì ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ kọjá sí G7. Dm7, G7, C ni ojú ọ̀nà tí jáàsì ń rìn jù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tó fi ń tu ni lára, ẹ wo inú rẹ̀: C tó wà nínú Dm7 sọ̀ sí B nínú G7, lẹ́yìn náà F tó wà nínú G7 sọ̀ sí E nínú C. Ìdajì ìgbésẹ̀ ni àwọn méjèèjì rìn. Bí ìka yín bá ń fò jìnnà láti kọ́ọ̀dù kan sí èkejì, ẹ tún un tò.

Ṣùgbọ́n a kò ní lọ sí C tààrà. Gbólóhùn kejì parí sórí A. Ẹ fi F sábẹ́ A yẹn, kí ẹ wá sọ F di Fm, kí A sì sọ̀ sí A♭. Kò sí ibòmíràn nínú kíì C tí mo mọ̀ tí àárò ti wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ má yanjú rẹ̀ kíákíá. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá tún bẹ̀rẹ̀, "má" tó wà lórí A ni yóò tẹ̀ lé A♭, ohùn tó ti wó yóò tún dìde. Ìgbà tí gbogbo orin bá ń parí nìkan ni kí ẹ jẹ́ kí A♭ sọ̀ sí G, lórí C.

4. Tò ó sí ẹsẹ̀ mẹ́rin

Báà 8 ni a ti hun yẹn: C, C, Am7, E♭maj7, Dm7, G7, F, Fm. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí àwọn olórin jáàsì ń lò jẹ́ báà 32, ẹsẹ̀ mẹ́rin oníbáà 8. Ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì àti ìkẹrin jọra, ìkẹta ló yàtọ̀.

Ẹsẹ̀ kẹta ni ilé ayọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìlò jù. Àwọn kan rò pé bí orin yóò bá gbé ọkàn sókè, ó gbọ́dọ̀ yára tàbí kó pariwo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbé ọkàn sókè ni ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ìdè, ẹ kò sì lè tú ohun tí ẹ kò dè. Fm tó parí ẹsẹ̀ kejì ti di ìdè náà. Ẹ kàn fi kún un kó di Fm7, ẹ lọ sí B♭7, ẹ dé E♭maj7 fún báà méjì. Kíì tuntun ni ẹ wọ̀ yẹn, E♭maj7 tó kọjá fìrí nínú ẹsẹ̀ kìíní sì wá di ilé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà Am7, D7, Dm7, G7, ẹ ti wà lójú ọ̀nà ilé.

Ẹ yan ohùn kan tó ga jù lọ nínú gbogbo orin, kí ẹ sì lò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Tèmi níbí ni E òkè, lórí Am7 yẹn, báà 21. Kí ohùn orin máa gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kẹta, kó dé D lórí E♭maj7, kó fọwọ́ kan E, kó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ títí dé G lórí G7. Bí E yẹn bá ti jáde níbòmíràn tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kó dùn tó.

Àwọn báà tí ohùn gígùn wà kò gbọdọ̀ kún. Ibẹ̀ ni ègbè yóò wọ̀. Lílé àti ègbè tí a mọ̀ nílé wà nínú jáàsì dáadáa: nínú Moanin' tí Bobby Timmons hun, tí onílù Art Blakey àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà sílẹ̀ ní 1958, píánò ń lé, àwọn tó kù sì ń fi kọ́ọ̀dù méjì dáhùn bí ìjọ ṣe ń ṣe "Àmín". Nínú orin tiwa, bí fèrè bá ti fa "níbí" gùn, kí píánò dá a lóhùn lókè, ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó tó.

5. Ìlù

Ìwọ̀n ìlù 60 sí 66 láàárín ìṣẹ́jú kan dára. Bọ́rọ̀ọ̀ṣì ni kí onílù lò, kì í ṣe igi. Nínú orin tó rọra lọ báyìí, ìlù kọ̀ọ̀kan sábà máa ń pín sí mẹ́ta, báà onílù mẹ́rin yóò sì ní méjìlá nínú. Méjìlá yẹn gan-an ni kóńkóló agogo wa ń rìn lé lórí. Nítorí náà, ní ẹsẹ̀ kẹta, ẹ lè jẹ́ kí onílù rọra ta kóńkóló sétí ìlù, kó sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kẹrin bá dé. Orin á gbéra láìyára.

Ẹnikẹ́ni kò ní láti bẹ̀rù pé èyí yóò ba jáàsì jẹ́. Coltrane fi Tunji sọ orin rẹ̀ kan ní 1962 nítorí Babátúndé Ọlátúnjí, onílù ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní New York, ibùdó àṣà Ọlátúnjí ní Harlem náà ló sì ti ṣeré ní oṣù Kẹrin ọdún 1967, oṣù mẹ́ta kó tó kú.

6. Ìbẹ̀rẹ̀, ìparí, àti bébà fún àwọn olórin

Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Duke Ellington, onípíánò àti olórí ẹgbẹ́ olórin, ti ní orin In a Sentimental Mood láti 1935. Nígbà tí òun àti Coltrane gbà á sílẹ̀ ní 1962, ó fi ohùn píánò kékeré kan tó ń yí po ṣí i, ohùn yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí lónìí. Fún tiwa, ègbè tí píánò ń ṣe lókè ti tó láti ṣí i: báà mẹ́rin, lórí C àti Fm.

Lórí bébà, ẹ kọ ohùn orin àti lẹ́tà kọ́ọ̀dù nìkan. Ẹ rántí pé tenor saxophone àti trumpet ń ka orin ní ìgbésẹ̀ kan sókè, kíì D ni tiwọn yóò jẹ́. Ti alto, kíì A. Bí ẹnì kan yóò bá fẹnu kọ ọ́, ẹ wá kíì tó bá a lára kí ẹ tó kọ bébà kankan, torí láti C ìsàlẹ̀ dé E òkè kì í ṣe gbogbo ọ̀fun ló gbà á.

Ẹ sọ iye sóló, ìyẹn ibi tí ẹnì kan yóò ti máa dá orin pilẹ̀ fúnra rẹ̀, fún wọn ṣáájú. Nínú Naima ti 1959, Coltrane kò gba sóló rárá. Ohùn orin ló fọn, ó sì fi sóló sílẹ̀ fún Wynton Kelly lórí píánò. Mo máa ń ní kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ṣe báà 32 náà lẹ́ẹ̀mejì láìsí sóló kankan. Bó bá dúró dáadáa, ẹ fún píánò ní ẹsẹ̀ méjì, kí fèrè gbà á padà láti ẹsẹ̀ kẹta, kí ẹ sì parí sórí C tó ní A nínú, torí kọ́ọ̀dù yẹn ń pa ilẹ̀kùn dé ju Cmaj7 lọ.