Ìpá lára ọmọdé: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kí ọmọ tó wọ tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ)

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ wá rí i pé nǹkan wú lápá kan níbi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí ẹpọ̀n rẹ̀ tóbi lápá kan, tó jẹ́ pé tó bá ń ké ló máa ń yọ, tó bá sùn á tún wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpá o. Ọmọbìnrin náà máa ń ní in, àmọ́ ti ọkùnrin ló pọ̀ jù. Ẹ tètè fi fóònù yà á nígbà tó bá yọ, torí bẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà báyìí ló máa sá wọlé, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì ní rí nǹkan fi hàn án.

Kì í ṣe pé ọmọ ké jù, kì í ṣe pé ẹnì kan gbé e gbòdì. Ọ̀nà kékeré kan wà nínú ikùn tó yẹ kó ti dí, kò wá dí, ìfun ń gba ibẹ̀ yọ. Àwọn tí oṣù wọn ò pé kí wọ́n tó bí wọn ló máa ń ní in jù. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìdodo tó yọ o, ìyẹn sábà máa ń wọlé fúnra ẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 4 tàbí 5, ẹ má fi nǹkan kan dè é. Ìpá ní tiẹ̀ ò ní lọ fúnra ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló ń parí ẹ̀, wọn kì í sì í fi ti ìkókó falẹ̀ torí àwọn tí ò tíì pé ọdún kan ni tiwọn máa ń há jù.

Tó bá há, á le, kò ní wọlé mọ́, ó lè pọ́n, ọmọ á máa ké ṣáá, á máa bì. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ọsibítù lóru yẹn ni. Tí ọmọ tuntun bá bì èébì tó ní àwọ̀ ewé, yálà ó ní ìpá o tàbí kò ní, ìfun lè ti lọ́ pọ̀ nínú, ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹ béèrè dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọmọdé. Ìkókó tó wúwo tó kílò 3, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ bíi mílílítà 240 ni, kò kún agolo mínírà kan, ara ẹ̀ sì máa ń tètè tutù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú tíátà gbóná. Wọ́n sábà máa ń fi nẹ́ẹ̀tì dí ìpá àgbàlagbà, ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á la ibi kékeré, wọ́n á dá ìfun padà, wọ́n á so ẹnu ọ̀nà yẹn pa. Àwọn kan ń lo kámẹ́rà tín-ínrín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìkókó tí oṣù ẹ̀ ò pé lè sùn síbẹ̀ torí mímí ẹ̀ lè dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn oògùn oorun.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá nìyí o. Oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo, wákàtí 6 kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun, ọmú ìyá wákàtí 4, omi lásán wákàtí 2, àfi tí dókítà bá sọ nǹkan míì. Mo rí ìyá kan tó fún ọmọ ẹ̀ ní bísíkíìtì ní ọ̀nà, torí ọmọ ń sunkún, àánú ọmọ ṣe é, nọ́ọ̀sì rí èérún lẹ́nu ọmọ, wọ́n sì sún ọpẹréṣọ̀n síwájú. Inú bí ìyá yẹn gan-an! Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá gòkè nígbà tí ọmọ ń sùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè wọ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, parasitamọ́ọ̀ ni, bí ìwọ̀n ọmọ ṣe rí ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fún un ní aspirin. Ó lè wú díẹ̀, ìyẹn ò burú. Tí ara ẹ̀ bá gbóná, tí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún tàbí tó túbọ̀ ń pọ́n, ẹ gbé e padà lọ fún wọn.