Bí a ṣe ń tún Raspberry Pi ṣe kó lè ṣọ́ kóòdù rúùmù tọ̀sán tòru

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ń ta ẹja yìnyín, ó ní kóòdù rúùmù (yàrá òtútù tí wọ́n ń kó ẹja sí), ó sì fẹ́ nǹkan kékeré kan tí á máa wò ó bóyá inú ẹ̀ ṣì tutù dáadáa, tí á fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀ láàárín òru kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, owó ẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti àwọn ẹ̀rọ ńlá, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ nínú páálí kẹ́ ẹ lọ gbé e kọ́ ògiri o. Nígbà tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 2012, àwọn ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ro ti ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, iná lọ níbi tó ti ń kọ nǹkan sórí mémórì káàdì, káàdì bàjẹ́, kò tan mọ́, ẹni tó ni ọjà sì rò pé nǹkan ń ṣọ́ ọ fún òun. Ó dùn mí gan-an. Torí ẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀dù tó yẹ. Èmi máa ń lo Compute Module 4, ìyẹn Raspberry Pi tí wọ́n ṣe láti máa jókòó lórí bọ́ọ̀dù míì, torí pé eMMC ẹ̀ (mémórì tó ń tọ́jú nǹkan) lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, kò sí káàdì tó máa yọ tàbí tó máa tètè kú, ó wà ní 8GB, 16GB àti 32GB. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní Lite, kò ní eMMC kankan. Compute Module ò lè dá ṣiṣẹ́ o, ẹ máa ra bọ́ọ̀dù míì tó máa jókòó lé, ẹ wá èyí tó ti ní RS485 lára, ìyẹn ojú ìsopọ̀ fún wáyà sẹ́ńsọ̀ tó bá jìnnà. Tí olówó iṣẹ́ bá lówó lọ́wọ́, KUNBUS ní Jámánì ń ṣe Revolution Pi, Compute Module náà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti dì í sínú ilé tó ṣeé fi há páńẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ fáktírì, ẹ ra ìyẹn kẹ́ ẹ sinmi. Tó bá jẹ́ Pi 4 lẹ ti ní nílẹ̀, ó ṣì lè ṣe é, kó ṣáà jẹ́ pé orí SSD (díìsìkì tó ń so mọ́ USB) ló ti ń tan, kì í ṣe orí káàdì.

Ó wá kan iná, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Volt 5 àti amp 3 ni Pi 4 fẹ́, ṣájà fóònù tẹ́ ẹ rí lórí tábìlì ò lè gbé e. Tí iná bá ti já wálẹ̀ tó bíi volt 4.63, bọ́ọ̀dù yẹn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ tẹ vcgencmd get_throttled, tẹ́ ẹ bá rí 0x0 kò séwu, tẹ́ ẹ bá rí 0x50000 iná ti rọ̀ nígbà kan rí láti ìgbà tẹ́ ẹ ti tan án, ẹ lọ wo wáyà yín. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń ra batìrì volt 12 amp-wákàtí 7, irú èyí tó wà nínú UPS, màá fi ṣájà tiẹ̀ sí i, màá wá fi converter sọ volt 12 yẹn di 5. Ẹ fi fúùsì amp 5 sára wáyà batìrì. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó so bọ́ọ̀dù mọ́ converter yẹn, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ yí i títí á fi wà ní 5.1, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e wá láti ọjà, ó lè máa gbé volt 9 jáde, tẹ́ ẹ bá so ó bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù ti jóná nìyẹn. Pi àti modem tó ń gbé mẹ́sẹ́èjì lọ ò lè jẹ ju bíi watt 5 sí 6 lọ fún irú iṣẹ́ yìí, batìrì yẹn á gbé e tó wákàtí 7 láìjẹ́ pé ó gbẹ tán.

Raspberry Pi OS Lite ni kẹ́ ẹ gbé sórí ẹ̀, kò sídìí fún dẹ́sítọ́ọ̀pù. Láti 2022, kò sí orúkọ pi àti password raspberry tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fún un ní orúkọ, ẹ sì jẹ́ kó le. Nínú /etc/systemd/system.conf ẹ kọ RuntimeWatchdogSec=14, ìyẹn ni pé tí gbogbo ẹ̀ bá dákú, á pa ara ẹ̀ á tún tan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi Restart=always sínú service tó ń gbé prógíráàmù yín, kó lè tún bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ tó bá dúró. Pi 4 ò ní aago tirẹ̀, tí iná bá lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, kò ní mọ aago mélòó ló lù, ẹ so DS3231, aago kékeré kan, mọ́ ọn pẹ̀lú batìrì kékeré rìbìtì yẹn, kẹ́ ẹ kọ dtoverlay=i2c-rtc,ds3231 sínú config.txt.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ ńkọ́? Volt 3.3 ni ẹsẹ̀ GPIO (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń so wáyà mọ́ lára Pi) mọ̀, volt 5 máa bà á jẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ìwọ̀n òtútù DS18B20 tó ní irin tí omi ò lè wọ̀ ni mo fẹ́ràn, ó máa ń wọn dé -55°C, wáyà data ẹ̀ máa lọ sí GPIO 4, ẹ fi resistor ohm 4,700 sáàárín data àti volt 3.3, ẹ kọ dtoverlay=w1-gpio sínú config.txt, ẹ máa rí fódà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 28- ní /sys/bus/w1/devices. Tó bá kọ -18000, -18°C nìyẹn. Nǹkan kan wà tó dààmú mi fún ọjọ́ mẹ́ta: sẹ́ńsọ̀ yìí máa ń sọ pé 85°C tí iná ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò tíì wọn nǹkan kan, láàárín òru ni wọ́n pè mí pé kóòdù rúùmù ti ń jóná, bẹ́ẹ̀ yìnyín ṣì kún inú ẹ̀. Ẹ sọ fún prógíráàmù yín kó fo 85 yẹn. Tí sẹ́ńsọ̀ bá jìnnà tàbí tí wáyà ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, ẹ fi DS18B20 sílẹ̀, ẹ lo sẹ́ńsọ̀ RS485, wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, pẹ̀lú resistor ohm 120 ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí.

Ẹ má jẹ́ kí Pi máa tan kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tàbí kó máa pa á. Iṣẹ́ thermostat nìyẹn, kó máa ṣe tiẹ̀ lọ, kí Pi máa ṣọ́ ọ.

Sẹ́ńsọ̀ nìkan ló ń wọ inú kóòdù rúùmù, bọ́ọ̀dù máa wà níta nínú àpótí IP65 (tí eruku àti omi ò lè wọ̀), ẹ jẹ́ kí gbogbo wáyà gba ìsàlẹ̀ àpótí wọlé kí omi má bàa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ẹ fi irin tó ń fa ooru sára Pi, tó bá ti gbóná tó 80°C á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ní ti mẹ́sẹ́èjì, tó bá gbóná kọjá -15°C fún ogún ìṣẹ́jú ni mo máa ń ní kó pariwo, torí àwọn tó ń kó ẹja máa ń ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ò fẹ́ kí fóònù máa dún lásán títí ẹni tó ni í á fi yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Kó tún máa fi mẹ́sẹ́èjì kan ránṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́ pé òun wà láàyè. Ọjọ́ tí èyí ò bá dé, kí wọ́n lọ wò ó.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn lẹ máa wá wọ raspi-config, ẹ lọ sí Performance Options, ẹ tan Overlay File System, kò ní kọ nǹkan kan sórí eMMC mọ́, RAM ló máa kọ ọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá tètè tan án, gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn ẹ̀ á pòórá tó bá tún tan, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sí ìparí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ìwọ̀n òtútù ojoojúmọ́, ẹ máa fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kó tó kúrò nílé yín, ẹ yọ batìrì, ẹ fa wáyà iná yọ lójijì nígbà àádọ́ta, ẹ máa kà á, kó sì tan padà fúnra ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ kó sẹ́ńsọ̀ sínú yìnyín tó ń yọ́ nínú kọ́ọ̀bù, ó yẹ kó sún mọ́ 0°C. Ẹ wá ra Compute Module kejì, ẹ gbé ohun kan náà sórí ẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ so ó mọ́ inú àpótí yẹn gan-an, kí ẹni tó bá wà nítòsí lè pààrọ̀ ẹ̀ tí ẹ̀yin bá wà lọ́nà jíjìn.