Àṣẹ Tí Kì Í Ṣe Nǹkan Kan

Ìlú Oǹdó ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, èmi ni mo sì ń bá wọn tọ́jú àkọsílẹ̀ láti Àkúrẹ́. Nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ di mẹ́ta, tí kò sì sí èyí tó bá ìkejì mu, mo fi Bash, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò kékeré kan tí yóò máa gba orúkọ àgbẹ̀ àti ìwọ̀n àpò rẹ̀ sínú fáìlì oni.txt, tí yóò sì tò wọ́n sínú iwe.txt ní ìrọ̀lẹ́.

Ti kòkó tó gbẹ kò ni mí lára. Nígbà tí mo dé ìhà else (“bí bẹ́ẹ̀ kọ́”), níbi tí kòkó tí kò gbẹ yóò gbà, mo pè wọ́n lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, bí kòkó bá ṣì tutù ńkọ́? Ṣé kí a dín owó rẹ̀ kù ni, àbí ẹ ó dá a padà?”

Wọ́n ní, “Fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná, mo ṣì ń rò ó.”

Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Mo kọ # sábẹ́ else, mo sì kọ “a ó parí rẹ̀ lọ́la” tẹ̀ lé e. Bash kọ̀ jálẹ̀, ó ní: syntax error near unexpected token `fi'. Ohun tó fà á ni pé Bash kì í ka ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé #, nítorí èèyàn nìkan ni a kọ ọ́ fún. Òfìfo ni ó bá láàárín else àti fi, ọ̀rọ̀ Bash tó ń pa ìhà náà dé, bẹ́ẹ̀ ó di dandan kí àṣẹ kan, ó kéré tán, wà níbẹ̀. Bákan náà ni Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ṣe ń ṣe, àmọ́ òun ní ọ̀rọ̀ pass fún irú ààyè bẹ́ẹ̀. Kólọ́ọ̀nù ni ti Bash, ìyẹn àmì ìdánudúró méjì tó gun ara wọn lórí. Mo tẹ : sórí ìlà tirẹ̀, ètò náà sì ṣiṣẹ́. Mo fi echo $? béèrè èsì rẹ̀, ó dá mi lóhùn pé 0, èyí tó túmọ̀ sí àṣeyọrí: kò ṣe nǹkan kan, ó sì ṣe é yọrí.

Àmì yìí wá dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ tún orúkọ àwọn àgbẹ̀ mélòó kan ṣe nínú iwe.txt, n kò sì fẹ́ kí ìlà tó ń tò wọ́n, ìyẹn sort oni.txt > iwe.txt pa àtúnṣe náà rẹ́, ni mo bá fi kólọ́ọ̀nù síwájú rẹ̀ kí ó lè sinmi. Nígbà tí ètò náà parí, iwe.txt ṣófo. Kólọ́ọ̀nù kò jẹ̀bi. Bash fúnra rẹ̀ ni í máa ń ṣí fáìlì tó wà lẹ́yìn >, tí í sì í da inú rẹ̀ nù, kí ó tó pe àṣẹ kankan rárá. # tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ lánàá gan-an ni ó yẹ kí n lò níbẹ̀.

Mo tún àwọn orúkọ náà tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ : > oni.txt láràárọ̀ láti fi gbá ti àná kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ro ọ̀rọ̀ kòkó tí kò gbẹ, kólọ́ọ̀nù náà sì wà lábẹ́ else títí di òní.