Bí mo ṣe fi sáfà sínú ètò kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbeni

Ìyá kan tó ń ta oògùn ní páálí-páálí ní Agbeni ń lo ètò tó ń ka ọjà, tí mo fi èdè kọ̀ǹpútà C# kọ fún wọn, pẹ̀lú Windows Forms tí a fi ń ṣe ojú ètò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń kó ẹrù sí, gbogbo ìgbà sì ni àwọn ọmọṣẹ́ ń sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bèèrè iye tó kù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn ò lè máa wò ó lórí fóònù ni?"

N kò fẹ́ yá sáfà, ìyẹn ètò tó ń dáhùn ìbéèrè láti orí ẹ̀rọ mìíràn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjà tó wà nínú ilé kan náà. Dátà máa ń tán. Bí mo bá sì kọ sáfà lọ́tọ̀, ta ni yóò máa rántí ṣí i nígbà tí iná bá lọ tó bá dé? Inú ètò yẹn gan-an ni mo fi í sí, pẹ̀lú HttpListener, irinṣẹ́ tó ń gba ìbéèrè láti orí nẹ́tíwọ̀kì, lórí port 8085, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọlé. Fóònù lè wò, kò lè yí nǹkan kan padà.

Mo kọ́kọ́ pe GetContext, àṣẹ tó ń gba ìbéèrè, láti ara fọ́ọ̀mù, ìyẹn ojú ètò náà. Ojú ètò gan pa, torí ṣe ló ń dúró de ìbéèrè. Mo gbé e sínú Task.Run, kó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn láì dí ojú ètò lọ́wọ́, ìgbà tó sì fẹ́ kọ nǹkan sójú fọ́ọ̀mù láti ibẹ̀, ó kọ̀, àfi ìgbà tí mo lo BeginInvoke, tó ń gbé iṣẹ́ náà padà fún ojú ètò.

Nílé mi ní Bódìjà, localhost, ìyẹn kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi + (gbogbo àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà) rọ́pò localhost kí fóònù lè wọlé, ni Windows bá ní "Access is denied", kò gbà mí láyè. Àwọn kan á ní kí ẹ máa ṣí ètò náà bí administrator lójoojúmọ́. N kò gbà, kò yẹ kí irú agbára bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lo agbára administrator, láti fi àṣẹ yìí gba àyè fún ètò náà lórí port yẹn:

netsh http add urlacl url=http://+:8085/ user=Everyone

Firewall, ẹ̀ṣọ́ Windows tó ń dí ohun tó ń wọlé láti nẹ́tíwọ̀kì, ló jẹ ọ̀sán mi. Mo ti fún ètò náà láyè níbẹ̀, síbẹ̀ fóònù ń yí ṣáá. Àṣé http.sys, tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ló ń gba ìbéèrè fún HttpListener. Orúkọ System ni firewall ń rí, kì í ṣe orúkọ ètò mi. Port 8085 fúnra rẹ̀ ni mo ṣí, fún nẹ́tíwọ̀kì inú ilé nìkan. Mo wá wọ inú ràútà, mo ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà náà kó má baà máa yí padà.

Kò pẹ́ tí ọmọṣẹ́ kan fi kígbe látòkè: "Mọ́mì, páálí mẹ́rìnlá ló kù!" Kò sọ̀ kalẹ̀.